Àrùn ọpọlọ àti kádi adójútòfò: ta ló yẹ kó san owó oògùn oṣooṣù?

Ìbéèrè tí òǹkàwé kan fi ránṣẹ́ láti Mọ́kọ́lá:

"Mo ń gbọ́ tí àwọn kan ń pariwo pé kí adójútòfò ìlera ìjọba máa san owó ìtọ́jú àrùn ọpọlọ ní kíkún. Ẹ má bínú o, mo fẹ́ béèrè ní tààrà. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ owó lára owó oṣù mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo tíì lo kádi náà, ibà ni lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí ló dé tí owó mi á fi máa lọ sórí ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa igbó títí orí rẹ̀ fi dàrú? Àti pé, àìsàn tó jẹ́ pé àwọn ará ilé ló mọ ìdí rẹ̀, ṣé ilé ìwòsàn òyìnbó ló ń wò ó?"

* * *

Ẹ kú ìbéèrè, Bọ̀dá. Ohun tó wà nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ sọ jáde. Ìbéèrè mẹ́ta lẹ dì sínú ẹrù kan: owó ta ni, ẹ̀bi ta ni, àti ta ló lè wò ó. Màá tú u díẹ̀díẹ̀. Bí àwọn mìíràn bá dá sí i, màá dá wọn lóhùn pẹ̀lú.

Ibi tí mo dúró sí rèé. Akọ̀wé owó ni mí ní ilé iṣẹ́ aládàáni kan n'Ìbàdàn. Wọ́n ń yọ owó lára owó oṣù tèmi náà. Àkọ́bí mi ọkùnrin ni àrùn yìí kọlù nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 19. Àìsùn ló kọ́kọ́ jẹ́. Tí mo bá jí ní aago mẹ́ta òru, mo máa ń bá a nínú ilé ìdáná lórí àpótí, nínú òkùnkùn, á ní kí n rọra sọ̀rọ̀ nítorí pé àwọn aládùúgbò ń gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn òun. Ọdún 9 rèé tí a ti ń lọ sí kílíníìkì.

Ohun tí mo gbàgbọ́ kò gùn. Oògùn tí aláìsàn ń lò nílé lóṣooṣù ni kí adójútòfò kọ́kọ́ máa san, kí a tó sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì, kí a tó sọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn tuntun. Kí kádi náà sì máa bá aláìsàn lọ, ì báà ti kọjá ọmọ ọdún 18.

Ní ti owó ta ni: ní ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí mo wà ní Òkè-Àdó, oṣooṣù la ń dáwó. Ẹni tí òfò bá ṣe ni owó náà ń lọ bá. Ọdún 14 ni mo ti ń dá a, òfò kankan kò tíì ṣe mí, mo ń dúpẹ́. Mi ò dìde rí pé kí wọ́n dá owó mi padà nítorí pé ọkọ mi ò kú. Ibà lẹ fi lo kádi yín lẹ́ẹ̀mẹta, Bọ̀dá, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó ju ibà lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òfò ló wà nínú orúkọ tí a fún nǹkan yìí, ọjọ́ òfò ni wọ́n sì ń retí rẹ̀.

* * *

Ẹ̀yin kan ti kọ̀wé pé, "Ṣé kádi ilé iṣẹ́ yín kò bo ọmọ yín ni?" Ibi tó dùn mí jù nìyẹn.

Ìlànà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ètò adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀ ní 2005 ni pé agbanisíṣẹ́ á san 10 nínú 100 owó oṣù gan-an, òṣìṣẹ́ á fi 5 kún un. Ẹni tó bò ni òṣìṣẹ́, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Ẹ tún wo ọjọ́ orí yẹn. Àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní schizophrenia, pàápàá lára ọkùnrin, ìparí ìgbà ọ̀dọ́langba sí bíi ọmọ ọdún 25 ló sábà máa ń yọjú. Gbogbo ọdún tí ọmọ mi wà lórí kádi mi, ikọ́, ibà àti eyín dídùn ló fi lò ó. Orúkọ rẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, kò pé ọdún kan àbọ̀ tí àìsàn yìí fi dé.

Arákùnrin kan láti Sámóńdà sọ pé mi ò sọ òótọ́ tán, pé adójútòfò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga wà, àti pé ènìyàn lè sanwó lọ́tọ̀ kí wọ́n fi ẹbí mìíràn kún kádi rẹ̀. Òótọ́ ni méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lọ́wọ́ wa. Ọmọ mi wà ní ọdún kejì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan nígbà tí nǹkan yìí ṣẹlẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ètò tiwọn bò ó. Àmọ́ ẹni tí orí rẹ̀ ń ṣàìsàn kì í lè jókòó ìdánwò. Ó pàdánù sáà kan, ó pàdánù ìkejì, wọ́n ní kó lọ sinmi nílé. Ọjọ́ tó ti ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ jáde, adójútòfò rẹ̀ dúró síbẹ̀. Àìsàn gan-an ló gba kádi lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo wá sanwó lọ́tọ̀ fún un lórí kádi tèmi. Ọdún méjì gbáko ni kí n tó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe, nítorí pé kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tó ń súnmọ́ ọdún 18 lórí kádi yín, ẹ lọ bá ẹni tó ń mójú tó òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ yín lọ́la, kí ẹ béèrè. Ẹ má dúró de àìsàn.

* * *

Arábìnrin tó ní nọ́ọ̀sì ni òun bi mí pé, ṣé ìgbà tí kádi wá wà, ìyà ò tán? Kò tán. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí mọ ìdí rẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ àwa tí a ń sanwó ò mọ̀ ọ́n.

Ilé ìwòsàn tí ẹ fi orúkọ sí, iye kan náà ni HMO, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń bá adójútòfò mójú tó owó ìtọ́jú, ń san fún wọn lóṣooṣù lórí orí yín, ẹ lọ o, ẹ ò lọ o. Ẹni tí kì í wá ni èrè. Ẹni tó ń wá lóṣooṣù fún ọdún 9, àdánù ni lójú ẹni tó ń ṣírò owó. Mi ò bá dókítà kankan jà nítorí èyí, bí wọ́n ṣe to ètò náà ló rí bẹ́ẹ̀. Dókítà ọpọlọ kì í sì í sábà sí ní irú ilé ìwòsàn kékeré bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní láti kọ lẹ́tà, wọ́n ní láti gba kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà àṣẹ, lọ́wọ́ HMO, kí wọ́n tó rán yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Bí ẹ bá dé ọ̀hún láìsí kóòdù, owó lẹ máa san bí ẹni tí kò ní kádi.

Ọjọ́ kan ní 2022, aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀ la dé ilé ìwòsàn tí a fi orúkọ sí. Aago mẹ́sàn-án, lẹ́tà ti wà lọ́wọ́ mi. Ó ku kóòdù. Wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára. Wọ́n ní ẹni tó ń fún ni ní kóòdù ò tíì dé orí ìjókòó. Mo dúró sábẹ́ igi máńgò tó wà ní ọgbà wọn, mo ń pe nọ́ńbà kan náà léraléra. Ọmọ mi bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó wò wọ́n, ó tún wọn tò. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí, n kò lè ka iye ìgbà. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti kọjá ọjọ́ pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ kan, ojú rẹ̀ sì ti ń yí padà, mo mọ̀ ọ́n. Aago méjì àbọ̀ kọjá ni kóòdù wọlé. Kílíníìkì tí a ń lọ ti tì fún ọjọ́ yẹn, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n tún máa jókòó.

Kóòdù yẹn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló yẹ kí wọ́n máa fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ta ni kò mọ̀ pé yóò padà wá lóṣù tó ń bọ̀? Dókítà ti kọ ọjọ́ náà sórí ìwé fún un.

* * *

Ẹ jẹ́ kí a dé ibi tí àríyànjiyàn wà jù, ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì àti oògùn.

Bí àwọn olóṣèlú bá ń sọ̀rọ̀ ìlera ọpọlọ, ilé ni wọ́n ń rí lọ́kàn. Wọ́ọ̀dù, ògiri tuntun, yíya fọ́tò ní ọjọ́ ìṣílé. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí fún Àjọ Ìlera Àgbáyé lórí Nàìjíríà ní 2006 rí i pé nínú owó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ìlera, kò tó 4 nínú 100 tó ń lọ sórí ìlera ọpọlọ, àwọn ilé ìwòsàn ńlá fún àrùn ọpọlọ ló sì ń gba ohun tó lé ní 90 nínú 100 lára díẹ̀ yẹn. Ó ti pẹ́, mo mọ̀. Ẹ wo àwọn tó yí yín ká kí ẹ sọ bóyá ó ti yàtọ̀ púpọ̀.

Ẹni tí mo bá jiyàn jù níbí ni ẹni tó kọ̀wé láti àdúgbò Challenge pé, "Wèrè tó wà lójú títì ni kí a kọ́kọ́ kó, kí a fún wọn ní bẹ́ẹ̀dì." Mo gbọ́. Àánú ló mú un sọ ọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe dé ojú títì? Mo ti jókòó ní yàrá ìdúró kílíníìkì fún ọdún 9, mo ti bá àwọn ìyá bíi tèmi sọ̀rọ̀ títí, ìtàn kan náà ló ń jáde lẹ́nu wa: ara ọmọ ti yá, owó oògùn tán, wọ́n ní kó fò ó lóṣù kan, ara rẹ̀ kọ́kọ́ dà bí ẹni pé kò ní ṣe nǹkan kan, wọ́n tún fò ó lóṣù kejì.

Ó ṣẹlẹ̀ sí wa ní 2023. Náírà já wálẹ̀ nínú oṣù kẹfà ọdún náà, ilé iṣẹ́ apoògùn GSK kéde nínú oṣù kẹjọ pé àwọn ń fi Nàìjíríà sílẹ̀. Oògùn oníhóró tí ọmọ mi ń lò kún abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́ta iye tí mo ń rà á kí ọdún tó parí. Èyí tó wà lórí ìwé àwọn kádi, wọ́n ní kò sí nílẹ̀, kí n lọ rà á síta. Bí ó bá wà ni, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó rẹ̀ ni ìlànà ní kí aláìsàn san. Oògùn tí kò sí nílẹ̀, gbogbo owó rẹ̀ ni aláìsàn ń san. Mo ń rà á ní ilé oògùn kan lẹ́bàá Dúgbẹ̀. Bàbá kan wà níwájú mi lọ́jọ́ kan tó fi ìwé dókítà lé orí káńtà, ó béèrè iye, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ gé mẹ́fà fún mi." Ọmọbìnrin tó ń tajà mú sísọ́ọ̀sì, ó gé sáṣẹ́ẹ̀tì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ oògùn, ó fi hóró mẹ́fà sínú ọ̀rá. Ọgbọ̀n ni dókítà kọ. Bàbá náà ka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lójú ọ̀rá, ó fi wọ́n sínú fìlà rẹ̀, ó sì dé e.

Èmi náà gé e. Mi ò fẹ́ parọ́ níbí. Nínú oṣù kọkànlá àti ìkejìlá, ìdajì ni mo ń fún ọmọ mi, torí kí ó lè dé ìparí oṣù. Nínú oṣù kìíní, a gbé e wọ wọ́ọ̀dù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Owó tí mo san fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, mo jókòó tì í pẹ̀lú ìwé àti bírò bí mo ṣe máa ń ṣe níbi iṣẹ́, ó tó mi ra oògùn rẹ̀ fún ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin. Akọ̀wé owó ni mí. Kò sí ilé iṣẹ́ tó máa rí ìṣirò yìí tí yóò ní kí a máa ṣọ́ owó oògùn ná, kí a wá máa sanwó bẹ́ẹ̀dì.

* * *

Ní kúkúrú sí ẹni tó béèrè nípa ìyá ọlọ́mọ tuntun: bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ìyá wa ti ní orúkọ fún un tipẹ́, abísínwín. Kádi tó san owó ìbímọ kò gbọdọ̀ yí ojú padà ní ọ̀sẹ̀ kẹta nígbà tí ìyá ò bá mọ ọmọ rẹ̀ mọ́. Ìtọ́jú ìyá àti ọmọ kan náà ni.

* * *

Ó yá, Bọ̀dá Mọ́kọ́lá, ẹ ní àwọn ará ilé ló mọ ìdí rẹ̀.

Èmi náà gbé ọmọ lọ sórí òkè. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan lọ́nà Mọ́níyà. Ìyá ọkọ mi ló ní kí a lọ, mi ò sì lè kọ̀ fún wọn. Mi ò ní bú ẹni tó gba ibẹ̀ lọ, nítorí pé níbẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ti kọ́kọ́ jókòó gbọ́ tẹnu wa láìwo aago. Ṣùgbọ́n mo rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ níbẹ̀. Nínú oṣù kọkànlá 2019, àwọn ọlọ́pàá kó ènìyàn 259 jáde ní ibi tí wọ́n kó wọn pa mọ́ sí ní orúkọ àtúnṣe ní Òjòó, n'Ìbàdàn wa níbí. Àwọn òbí ló mú ọ̀pọ̀ nínú irú wọn lọ síbi bẹ́ẹ̀. Ìkà kọ́ ni wọ́n, ibẹ̀ ni owó wọn mọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni pé kò pọn dandan kí a yan ọ̀kan. Ní 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Àrò, l'Abẹ́òkúta. Aláìsàn á máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ẹbí rẹ̀ á wà pẹ̀lú rẹ̀, á máa wá gba ìtọ́jú, á padà sílé. Ó gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú. Ẹni náà ló wá di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968. Ní 2020, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti yunifásítì kan náà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe n'Ìbàdàn àti ní Kumasi, ní Ghana. Wọ́n mú àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé lọ bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn wòlíì níbi tí aláìsàn wà, wọ́n jọ ń tọ́jú wọn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn aláìsàn tí wọ́n jọ tọ́jú yá ju ti àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹnì kan wá bi mí: "Ṣé kí adójútòfò máa sanwó fún wòlíì nìyẹn?" Rárá o. Kí ó sanwó ọkọ̀ nọ́ọ̀sì tó máa lọ bá wòlíì, kí ó sanwó oògùn tó máa gbé dání. Àdúrà ò ní iye.

* * *

Igbó. Mo mọ̀ pé ẹ ń dúró dè é.

Ìwé ìlànà adójútòfò ìjọba àpapọ̀ ti ṣe ohun tí ẹ fẹ́, Bọ̀dá. Ìlòkulò oògùn wà lára ohun tó kọ̀ pé òun ò ní san. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìyẹn ń fà. Ẹbí tó gbé ọmọ dé máa ń purọ́. Wọ́n á ní kò fa ohunkóhun rí. Dókítà á bi wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á tẹnu mọ́ ọn pé rárá, torí kí kádi má baà jábọ́. Dókítà á wá máa wo ìdajì àìsàn.

Ọ̀rọ̀ èwo ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, igbó ni tàbí àìsàn, kò rọrùn bí a ṣe ń sọ ọ́. Òótọ́ ni pé igbó lè ṣí ilẹ̀kùn fún àrùn yìí, mo sọ fún àbúrò ọmọ mi lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti ń gbọ́ ohùn kí wọ́n tó fọwọ́ kan igbó, wọ́n ń wá ohun tó máa pa ohùn náà lẹ́nu mọ́ ni. Ọkùnrin tó mutí yó tó fi ọkọ̀ kọlu òpó iná, ṣé kádi kì í to eegun ẹsẹ̀ rẹ̀? Ẹni tó ń jẹ iyọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, ta ló bi í léèrè?

Ibi tí mo fara mọ́ yín dé rèé. Àwọn ilé àtúnṣe aládàáni tó kún ìgboro báyìí, tí wọ́n ń gba owó ńlá lọ́wọ́ àwọn òbí tí ẹnikẹ́ni ò sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nínú wọn, mi ò fẹ́ kí kọ́bọ̀ adójútòfò wọ ibẹ̀. Kí ó san ti ilé ìwòsàn, níbi tí dókítà wà, kí ó mọ síbẹ̀.

* * *

Àwọn tí kò ní owó oṣù ńkọ́? Ìyá aláṣọ kan ní Ọ̀jẹ́ ló béèrè, ó sì tọ̀nà, nítorí pé gbogbo ohun tí a ti ń sọ, ti ẹni tó ní agbanisíṣẹ́ ni.

Òfin adójútòfò tí wọ́n fọwọ́ sí nínú oṣù karùn-ún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, ó sì dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn tí kò lágbára. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ní àjọ tirẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Orí ìwé ló pé sí. Ohun tó ṣòro ni pé owó ọdún kan ni wọ́n sábà máa ń ní kí ènìyàn mú wá lẹ́ẹ̀kan. Ta ní ọjà Ọ̀jẹ́ tàbí ọjà Bódìjà ló ń kó owó ọdún jọ sójú kan? Àmọ́ kò sí ẹni tí kì í dá àjọ níbẹ̀. Alájọ ń yí ká lójoojúmọ́ pẹ̀lú káàdì rẹ̀. Bí àjọ ìpínlẹ̀ bá lè gba owó lọ́wọ́ alájọ àti ìyálọ́jà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún á wọlé. Ẹni tí orí rẹ̀ ń ṣàìsàn fúnra rẹ̀ kò lè dá àjọ, àpò àwọn tí kò lágbára ló tọ́ sí, kí wọ́n má sì béèrè ìwé rẹpẹtẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó gbà á.

Ìyá aláṣọ náà sọ ohun kan sí i tí mi ò rò tẹ́lẹ̀: òun ò ní gba oògùn náà ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àdúgbò bí wọ́n tilẹ̀ gbé e wá síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí pé ìyàwó àbúrò ọkọ òun ló ń kọ fáìlì níbẹ̀. Mi ò ní ìdáhùn tó dá mi lójú sí ìyẹn. Mo mọ̀ pé níbi tí a ń lọ, wọ́n ti fi ọjọ́ abẹ́rẹ́ sí ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru, gbogbo wa jọ wà lórí ìjókòó kan, ẹni tó bá rí ọ kò mọ èwo lo wá ṣe. Ó ràn mí lọ́wọ́. Bóyá ó lè ran tiyín náà lọ́wọ́.

* * *

"Ṣé òfin ìlera ọpọlọ kò ti wà ni?" Ó wà. Oṣù kìíní 2023 ni wọ́n fọwọ́ sí i, ó rọ́pò òfin wèrè tí àwọn òyìnbó fi sílẹ̀ láti 1916. Ó sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ aláìsàn, ó dá àpò owó sílẹ̀ pẹ̀lú. Àmọ́ òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò níhìn-ín ṣì wà níbẹ̀ tó ní kí wọ́n fi ẹni tó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ sẹ́wọ̀n ọdún kan. Ìyá tó gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ májèlé lóru, ṣé ẹ rò pé ó máa sọ òótọ́ níwájú káńtà kádi?

Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006, tí àwọn ará Ìbàdàn wa náà ṣe, fi hàn pé nínú 100 ènìyàn tí àrùn ọpọlọ bá jà láàárín ọdún kan, bíi 8 péré ló rí ìtọ́jú kankan. Bọ̀dá, ẹ ní ẹ̀rù ń bà yín pé owó yín yóò lọ sórí wọn. Àwọn 92 yẹn ò tíì dé ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè náwó lé wọn lórí.

* * *

Ìyá tó kọ̀wé láti Apẹ̀tẹ̀ lálẹ́ àná, tẹ́ ẹ ní owó ò sí mọ́, pé ṣé kí ẹ kúkú dá oògùn ọmọbìnrin yín dúró títí di oṣù tó ń bọ̀: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ má sì gé e sí méjì bí mo ṣe ṣe. Ẹ padà lọ bá dókítà, kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ owó fún un láìtijú. Àwọn oògùn àtijọ́ wà tí owó wọn kò tó ti tuntun. Abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń gún lẹ́ẹ̀kan lóṣù, òun lọmọ tèmi ń gbà. Ó lè mú kí ọrùn le, kí itọ́ máa dà, ẹ sọ ọ́ fún wọn bí ẹ bá rí i, oògùn wà fún ìyẹn pẹ̀lú. Ẹ mú ìwé kádi àti ìwé tí wọ́n kọ kẹ́yìn dání. Bí ẹ bá ní láti gba kóòdù, ọjọ́ méjì ṣáájú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó gbé fóònù àti aago tó gbé e.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ abẹ́rẹ́ tiwa. Ọmọ mi ti ń dá wọ maíkírà lọ láti bí ọdún kan, ṣùgbọ́n màá bá a lọ lọ́tẹ̀ yìí. Aṣọ àǹkárá aláwọ̀ ewé ni màá wọ̀, ìjókòó tó wà lẹ́bàá fèrèsé ni mo máa ń jókòó sí. Màá fi orúkọ ilé ìwòsàn náà ránṣẹ́ sí yín níkọ̀kọ̀. Ẹ mú ọmọ náà wá.